Ẹyẹ Mẹ́tàlélọ́gọ́rin

Ẹlẹ́yẹ ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, bébà ni ẹyẹ tirẹ̀. Nígbà tó ń wá ilé tó ń gbé báyìí, onílé gbọ́ orúkọ náà, ó ní òun ò lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílé. Ìgbà tó ká ẹyẹ kan lé ọkùnrin náà lọ́wọ́ ni ẹ̀rín tó pa á. Ẹyẹ agùfọn ni, ọlọ́rùn gígùn, ó na ìyẹ́ méjèèjì, kò sì ju àtàǹpàkò lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí: á gé bébà aláràbarà ní igun mẹ́rin ọgbọọgba, á ká a, á ṣẹ́ ẹ, á tún un ká, títí yóò fi di ẹyẹ. Á wá fi ṣọ́ọ̀kì fa lẹ́tà àwọn ará Japan sórí pátákó dúdú, lẹ́tà ẹyọ kan tó dúró fún odidi ọ̀rọ̀: àlàáfíà, ìfẹ́, ilé. Ojú ìlà yẹn ló ń fi gọ́ọ̀mù lẹ àwọn ẹyẹ mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fún pọ̀ dáadáa, títí lẹ́tà yóò fi yọ gedegbe. Lẹ́yìn náà, férémù àti gíláàsì, ó di ti ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Kò gbọ́ èdè Japan kankan o. Inú ìwé ló ń wò. Bí ìwé yẹn bá parọ́, a jẹ́ pé òun náà parọ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n yìí, obìnrin ará Japan kan tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló sì kọ́ òun náà lọ́jọ́ tí òjò ká wọn mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ti la èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún télọ̀ yìí sí méjì nígbà kan rí, èékánná náà ò sì padà di ọ̀kan mọ́. Tó bá ti fi tẹ ojú ibi tó ṣẹ́ bébà sí, ìlà tín-ín-rín méjì ló máa ń yọ níbi tí ti ẹlòmíràn á ti jẹ́ ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó lè rí i àfi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹlẹ́yẹ mọ̀ ọ́n dáadáa.

Nígbà tí kíndìnrín ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀, ó kó wá sọ́dọ̀ àbúrò. Kò pẹ́ tó fi gbé páálí bàtà kan sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, tó ń ká ẹyẹ sínú rẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ ará Japan yẹn ti sọ fún un rí pé ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká ẹgbẹ̀rún agùfọn, ohun kan tó bá tọrọ á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ò sọ ohun tó ń tọrọ fẹ́nikẹ́ni. Ta ni ò mọ̀? Bí ara bá gbà á, á ká mẹ́wàá lójúmọ́. Tó bá dìrọ̀lẹ́, á da gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, á kà á.

Àsìkò yẹn gan-an ni dókítà eléyín kan ń ṣí ibi iṣẹ́ tuntun. Ó ní kí Ẹlẹ́yẹ bá òun ṣe "sùúrù," pé ẹni tó ń dúró kí wọ́n fa eyín rẹ̀ kò níṣẹ́ méjì ju sùúrù lọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n wá gbé e ni àìsàn ẹ̀gbọ́n le sí i. Ilé ìwòsàn ni Ẹlẹ́yẹ ń sùn, ibẹ̀ ló ń jí. Nígbà tí wọ́n fi jọ padà sílé, ilẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbé e ló kù kó mọ́, lẹ́tà náà sì kù lápá ìsàlẹ̀. Ẹyẹ mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló kù.

Ọ̀sán ni. Ẹ̀gbọ́n ń sùn. Páálí wà níbẹ̀, ó ṣí sílẹ̀.

Ẹlẹ́yẹ ní tí ẹ̀gbọ́n bá jí, òun á sọ fún un pé òun mú nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jí, ó ní kó fún òun lómi. Ó bu omi fún un, ó padà sídìí gọ́ọ̀mù rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n da ẹyẹ sórí bẹ́ẹ̀dì bó ṣe máa ń ṣe.

"Àbúrò, mo kà á, kò pé bí mo ṣe rò."

"Bóyá ẹ ṣì í kà ni, Àǹtí mi. Oògùn yẹn máa ń kó síni lójú."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, "Kò mà pé o." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, bákan náà. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ẹ̀gbọ́n fi ń kà á sókè, tó bá kà á tán á gbójú sókè wo àbúrò rẹ̀, á ní kò pé. Ẹlẹ́yẹ á ní ó ń ṣì í kà. Ó rò ó kó ká mẹ́tàlélọ́gọ́rin tirẹ̀ dípò, àmọ́ ìlà ẹyọ kan á tú u fó, ẹni tó ń tọrọ ló sì gbọ́dọ̀ ká a. Mi ò ní bá a wá àwáwí. Ẹnu tó fi ń jẹun lójoojúmọ́ ò ro ó, ó lè fi sọ̀rọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ẹ̀gbọ́n kú. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, Ẹlẹ́yẹ jókòó sílẹ̀, ó ka ohun tó wà nínú páálí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á. Ó ku mẹ́rìnléláàádọ́ta kó pé ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní kò fọwọ́ kàn án ni, ì bá ti pé, ì bá tún ṣẹ́ kù. Ó kúkú mọ̀ pé bébà kì í wo kíndìnrín. Mímọ̀ yẹn ò ràn án lọ́wọ́ rárá.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ò ti gún mọ́. Ní ọ̀sán gangan, tó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì, á máa gbọ́ èékánná lórí bébà láti yàrá tí ẹ̀gbọ́n lò, ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀. Tó bá dáwọ́ dúró, ìró náà á dáwọ́ dúró. Tó bá ka igba ẹyẹ sílẹ̀, nígbà tó bá fi máa lẹ̀ ẹ́ tán, kò ní í pé. Wọ́n ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ẹ̀rù tó ń ba Ẹlẹ́yẹ ni pé olóhun ti lọ, ọjọ́ rẹ̀ ò sì tíì pé.

Nígbà tó pé ọdún kan, ó pinnu. Á lọ bẹ dókítà kó dá iṣẹ́ náà padà, á ṣe òmíràn fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Á tú ẹyẹ mẹ́tàlélọ́gọ́rin náà kúrò, á dà wọ́n mọ́ ti inú páálí, á kó gbogbo rẹ̀ lọ sójú oórì. Ó kéré tán, á pé.

Àwọn mẹ́rin ló ń dúró de dókítà lọ́jọ́ náà, ọkùnrin kan láàárín wọn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Sùúrù" wà lára ògiri, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Ẹlẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń wá ìlà méjì náà. Ó rí wọn.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan gíláàsì yẹn." Ọmọbìnrin tó ń gba káàdì ló sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ̀yin kẹ̀! A jẹ́ pé ẹ̀yin ni àbúrò màmá yẹn."

"Màmá wo?"

"Màmá kan tí wọ́n rù gan-an. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tá a ṣí nígbà yẹn. Wọ́n ní ilé ìwòsàn làwọn ti ń bọ̀, pé eyín ò dun àwọn, àwọn kàn fẹ́ wo ẹyẹ. Wọ́n dúró síbi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn gan-an, wọ́n ń fi ìka kà á. Mo ní mélòó ni, wọ́n ní mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Mo ní, 'Màmá, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ o.' Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní tàwọn làwọn ń kà."

Ẹlẹ́yẹ yíjú kúrò lára gíláàsì.

"Kí ni wọ́n tún sọ?"

"Mo bi wọ́n bóyá kí n sọ fún yín pé wọ́n wá. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́, pé ẹ máa sọ ọ́ fáwọn fúnra yín. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ o." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé ẹ ti wá sọ ọ́ fún wọn?"

Láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó fi ń kà á yẹn, ẹ̀gbọ́n ti mọ iye tí kò sí níbẹ̀ àti ibi tí wọ́n wà. Kì í ṣe ẹyẹ ló ń wá. Ó ń ṣílẹ̀kùn fún àbúrò rẹ̀ ni, lálaalẹ́, fún oṣù mẹ́rin, àbúrò rẹ̀ sì ń tì í padà.

Ẹlẹ́yẹ ò rántí dókítà mọ́, kò rántí páálí. Ó kọjú sí gíláàsì.

"Àǹtí mi, èmi ni mo kó o."

Ó sọ ọ́ sókè débi pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbójú sókè. Ọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wíwú sún, ó fún un láàyè lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ jókòó, mà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Wọ́n máa dá yín lóhùn láìpẹ́."

Ó jókòó, ó ń dúró.