Màmá mi gbàdúrà kí ṣíà já wálẹ̀

Ojú tì mí lónìí débi pé mi ò lè yọjú síta mọ́.

Owó ṣíà iléeṣẹ́ kan já wálẹ̀ gan-an lọ́sẹ̀ yìí. Ó wù mí kí n rà á, àmọ́ mo fẹ́ kó tún já sí i. Láàárọ̀, mo bá màmá mi níbi tí wọ́n ti ń sá àdìrẹ níwájú ilé wa ní Owódé, mo ní kí wọ́n fi àdúrà sí i.

Wọ́n figbe ta: "Ohun tí ọmọ mi fẹ́ rà, Olúwa, jẹ́ kó dọ̀pọ̀ fún un!"

Bàbá Kúnlé, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, ń kọjá lọ. Àmín tiwọn ló dún jù.

"Kí lo fẹ́ rà, ọmọ mi? Ilẹ̀ ni?"

"Ṣíà ni, sà." Mo dárúkọ iléeṣẹ́ náà.

Wọ́n ní: "Ibẹ̀ ni gbogbo owó ìfẹ̀yìntì mi wà."

Bàbá fọwọ́ kan èjìká mi: "Kò burú. Olúwa á ṣe é ní ìrọ̀rùn fún ẹ."

Owó ẹ̀ tún ti já lọ́sàn-án yìí. Ó jọ pé àdúrà yẹn ti gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa rà á?