Oòrùn Tí Mo Fẹ́ Kí Bàbá Mi Rí

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kó àwọn èèyàn láti Yaba lọ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀ ní erékùṣù kan tí wọ́n kọ́ pẹpẹ pákó gíga sí. Èmi ni mo ń ṣètò gbogbo rẹ̀: ọkọ̀ ojú omi ní Ìwáyà, amọ̀nà, wákàtí tí a máa gúnlẹ̀. Wọ́n máa ń yìn mí pé ètò mi kì í yẹ̀, èmi náà sì gbà wọ́n gbọ́.

Lọ́jọ́ tí dókítà sọ pé ojú bàbá mi ń kú lọ, pé kò ní pẹ́ tí kò fi ní ríran mọ́, bàbá mi, télọ̀ Mushin, kò sunkún. Ó kàn ní, "Àwọn àjèjì lò ń mú lọ wo oòrùn. Èmi ńkọ́? Látọjọ́ tí mo ti wà l'Ékòó, ìdí máṣìn ni ilẹ̀ ń ṣú mi sí."

Mo ní kò burú. Àmọ́ mo fẹ́ kó pé pérépéré. Ní Sátidé àkọ́kọ́, amọ̀nà pè mí: "Àǹtí, ojú ọ̀run dáa díẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbéra." Mo ní díẹ̀ kò tó. Lọ́sẹ̀ kejì, òjò ṣú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọyẹ́ dé, oòrùn wá funfun bí ojú òkú ẹja. Mo tún sún un síwájú. Bàbá mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Tí èèyàn bá pẹ́ lórí imí, eṣinkéṣin á bá a níbẹ̀ o." Mo rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀.

Ọjọ́ tí mo yàn nígbẹ̀yìn kò lábùkù. Bàbá mi di ọwọ́ mi mú láti inú ọkọ̀ títí a fi gun orí pẹpẹ. Mo rò pé orúnkún ló ń dùn ún. Ó ti ṣe àlùwàlá, ó jókòó sórí ẹní ìkírun rẹ̀. Oòrùn tóbi, ó pọ́n, ọ̀sà náà pọ́n.

"Bàbá, ẹ ò rí nǹkan!" ni amọ̀nà wí.

Bàbá mi tẹ̀ sí mi létí. "Ṣé ó ti wọ̀? Sọ fún mi, kí n lè kírun."

Mo wo ojú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kún inú rẹ̀, kò ṣẹ́jú.

"Bàbá, látìgbà wo?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò fẹ́ ba ètò ẹ jẹ́."

Mo kórìíra ara mi níbẹ̀. Ó tún bi mí bóyá ó ti wọ̀. Ó ti wọ̀ tán. Mo ní ó ṣì ku díẹ̀.