Owú Pil-sun ní Ṣọ́ọ̀bù Katakata

Pil-sun ló mú Bok-rim wá sí ṣọ́ọ̀bù wa tí a ti ń tún katakata ṣe. Kò sẹ́ni tí kò mọ èyí lójú ọ̀nà èbúté Gunsan, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ kiri. Ó ti pẹ́ tí Pil-sun ti ń gé họ́ọ̀sì, tó ń fi ẹ̀rọ tẹ irin mọ́ ọn lẹ́nu, kó má baà já nígbà tí ọ́ìlì bá ń fi agbára gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá tó ń tún pọ́ọ̀ǹpù ṣe fẹ̀yìn tì, Bok-rim ni ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ma, gbé iṣẹ́ náà fún.

Láti ìgbà yẹn ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu Pil-sun mọ́. Bí Bok-rim bá rẹ́rìn-ín, ó ní ó ń yájú. Bó bá dákẹ́, ó ní ó ń gbéraga.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá jẹun," Bok-rim á pè é.

"Máa jẹ tìẹ. Onípọ́ọ̀ǹpù ló yẹ kó yó."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé katakata tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe padà wá. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń gòkè, pọ́ọ̀ǹpù sì ń ké bí ìgbà tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sínú garawa. Inú Pil-sun dùn.

"Ọ̀gá, iṣẹ́ ọmọ yín nìyẹn o!"

Bok-rim ṣí táǹkì, ó rí i pé ọ́ìlì ń hó bí ọṣẹ. Afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́. Irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ kì í lè ti ẹrù gírí, rírọ̀ ló ń rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ló bá rá wọ abẹ́ katakata, ó fọwọ́ kan họ́ọ̀sì tí pọ́ọ̀ǹpù fi ń fa ọ́ìlì láti inú táǹkì. Òrùka irin tó dì í mú ò le. Pil-sun ló sì dì í.

"Kí ló ṣe é?" ọ̀gá bèèrè.

Bok-rim jáde, ó nu ọwọ́. "Ọ̀nà gbágungbàgun ló tú òrùka họ́ọ̀sì, sà. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni."

Ọpẹ́ ló yẹ kí Pil-sun dá. Ṣùgbọ́n ṣe ni owú ọ̀hún ru sókè. Bok-rim gba pọ́ọ̀ǹpù, ó tún fẹ́ gba ìwà rere mọ́ ọn!

"Irọ́ ló ń pa!" ló pariwo. "Èmi ni mi ò dì í le. Ẹ̀yin àti Bok-rim ń rẹ́rìn-ín nídìí pọ́ọ̀ǹpù lọ́jọ́ tí mo dì í, ẹ̀rín yín ni mò ń gbọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Ma ní, "Ọ̀kan ò dì í le, èkejì ń purọ́. Ẹ jọ lọ tún un ṣe."

Lábẹ́ katakata, Bok-rim fa ojú ro. "Ẹ̀gbọ́n, mo bò yín láṣìírí, ẹ sọ mí di òpùrọ́. Kí ni mo ṣe fún yín gan-an?"

"Iṣẹ́ tí mò ń wọ̀nà fún kí n tó mọ̀ ẹ́, òun lo gbà."

"Ṣé ẹ bèèrè fún un rí?"

Pil-sun ò bèèrè rí. Ó rò pé ọ̀gá á rí i lójú òun ni.

Nígbà tó wá bèèrè, Ọ̀gbẹ́ni Ma ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Bok-rim. Ìyẹn korò ju gbogbo rẹ̀ lọ.

"Ẹ fọ ọwọ́ yín ná," Bok-rim wí níwájú pọ́ọ̀ǹpù tó tú sílẹ̀. "Iyanrìn tíńtín lè ba inú rẹ̀ jẹ́."

Pil-sun ń kùn bó ti ń fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó fọ̀ ọ́. Kí ọdún tó parí, òun nìkan ló to odidi pọ́ọ̀ǹpù kan, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí ẹni tó ni pọ́ọ̀ǹpù náà bi í léèrè ibi tó ti kọ́ iṣẹ́, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.