Ẹni Kẹta Tó Mọ Iṣẹ́ Mi

Ọjọ́ Ajé kan ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí bàbá mi ti ìsọ̀ dé sílé wa ní Durumi, tó ní òun ti bá mi rí ẹni tí yóò kọ lẹ́tà kẹta. Mo ń wá àyè láti lọ kàwé sí i lókè òkun. Ilé-ẹ̀kọ́ náà fẹ́ kí ẹni mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ mi kọ lẹ́tà nípa mi, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ fúnra wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀kan kò bá dé, wọn kò ní wo ìyókù rárá. Àwọn méjì ti fi tiwọn ránṣẹ́.

Ẹni tí bàbá mi rí ni alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ọ̀gá ìjọba tó ti fẹ̀yìntì. Mọ́sálásí ni wọ́n ti pàdé. Kí bàbá mi tó sọ fún mi, ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ná, nítorí náà ó di dandan kí n lọ kí i. Bàbá àgbà náà yẹ́ mi sí, ó ní kí wọ́n gbé mínírà fún mi, ó béèrè ohun tí mo kà, ó sì mi orí.

"Lọ kọ ọ́ wá bó o ṣe fẹ́ kó rí," ó ní. "Má tijú, yin ara rẹ dáadáa. Màá fọwọ́ sí i."

Mo délé, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bó ti pẹ́ tó tí ẹni náà ti mọ̀ mí. Ó mọ̀ mí fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mu mínírà kan tán. Mi ò lè kọ nǹkan kan.

Ẹni tó wà lọ́kàn mi ni olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi. Omi kànga Kabusa ni mo yẹ̀ wò, mo sì kọ ọ́ pé omi náà dára. Obìnrin náà fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, dára fún ta ni? Ó ní kí n padà lọ bu òmíràn lẹ́yìn òjò. Ti ẹ̀yìn òjò kò dára. Kò yìn mí lójú mi rí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹlòmíràn tó ka iṣẹ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo pè é.

"Ohun tí mo bá mọ̀ ni màá kọ o," ó ní.

Mo ní ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, mà. Mo fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ òkè òkun náà. Bàbá mi kò bínú. Ó kàn bi mí bí òun ṣe máa wo ojú alága ní Jímọ̀.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí àkókò pé, lẹ́tà náà kò tíì dé. Nígbà tí mo pè, àbúrò rẹ̀ ló gbé fóònù: ilé ìwòsàn kan lọ́nà Abaji ni wọ́n wà. Màmá mi di ọsàn sínú àpò fún mi, ó sì kìlọ̀ pé aláìsàn ni mo ń lọ kí, n kò gbọdọ̀ dárúkọ lẹ́tà níbẹ̀.

Mi ò dárúkọ rẹ̀. Olùkọ́ mi ti rù débi pé aago ọwọ́ rẹ̀ ti yọ̀ dé ìgúnpá. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà. Ó béèrè bóyá àwọn ará Kabusa ṣì ń mu omi kànga yẹn. Mo ní wọ́n ṣì ń mu ún. Mo sọ̀rọ̀ ọ̀nà, mo sọ̀rọ̀ oòrùn. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì kékeré, ọwọ́ mi ì bá tó o. Mo dìde, mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀.

"O ò bi mí."

"Ara yín ni mo wá wò, mà."

"Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀," ó ní. "Ó ku ìparí."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni àkókò pé, aago méjì ọ̀sán. Bàbá mi ń múra ìrun. Ó ní kí n fi orúkọ alága sí i, pé bàbá náà ṣì ń retí mi. Mo ti ka ìlànà wọn: bí mo bá yọ orúkọ olùkọ́ mi, gbogbo ohun tó ti kọ síbẹ̀ yóò parẹ́. Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Mo pe ti àbúrò rẹ̀, kò gbé e. Mo sọ fún bàbá mi pé mi ò ní yọ ọ́.

"Ẹni tó ń ṣàìsàn lo wá gbé ẹrù rẹ lé lórí," ó ní. Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì ni àbúrò olùkọ́ mi pè mí. Ó ní àárọ̀ Jímọ̀ ló kú. Àwọn kan nílé-ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ mi ní pé Ọjọ́bọ̀ ni. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́, mi ò sì mọ ohun tó kọ nípa mi. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni ojú-ewé mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́ òkè òkun náà, kí wọ́n tó tì í. Níwájú orúkọ àwọn méjì, wọ́n kọ ọ́ pé lẹ́tà ti dé. Níwájú tirẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀.