Nọ́ńbà Kan Níwájú Orúkọ Mẹ́tàlélógún

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọgọ́ta ọmọ ọ̀pẹ ni ìwé sọ pé Àkànmú ará Erinje gbà.

Kò gba ẹyọ kan. Alàgbà Benedict, akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ló dìde nínú ìjọ tó ní ó gbà á, pé ó ti tà á tán ní Àjàgbà. Àkànmú kúnlẹ̀, ó búra pé irọ́ ni. Wọ́n ní ó búra èké níwájú pẹpẹ, wọ́n bọ́ sùtánà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n ní kó máa jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ọdún kan gbáko ló fi ń wọ bùbá oko lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Jùwọ́nlọ́lá ọmọ rẹ̀ kò sunkún. Ó ti gboyè jáde, kò tíì ríṣẹ́, àkókò sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń lọ bá Lucy, tí wọ́n jọ kàwé, ní ọ́fíìsì ètò tó ń pín ọmọ ọ̀pẹ fún àwọn àgbẹ̀ ní Òkìtìpupa, títí Lucy fi fi fáìlì Excel náà ránṣẹ́ sí i.

Ẹgbẹ̀fà orúkọ ló wà níbẹ̀. Ó tẹ orúkọ bàbá rẹ̀ sí ibi ìwákiri, ó sì bọ́ sí ìlà kejìdínlọ́gọ́fà: Àkànmú, Erinje, ọgọ́ta, ó ti gbà. Fún ìṣẹ́jú kan, ó ṣiyèméjì sí bàbá tó bí i. Ìṣẹ́jú yẹn náà, kò ní dárí rẹ̀ ji Benedict.

Lẹ́yìn náà ló fojú tọ ìlà náà lọ sápá ọ̀tún. Nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò ní fóònù rí láyé. Ó da nọ́ńbà náà kọ síbi ìwákiri, ó ní kó wá gbogbo rẹ̀. Ìgbà mẹ́tàlélógún ló jáde, níwájú orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wọn ará Erinje. Méjì nínú wọn ti wà nínú sàréè kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀. Ó pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan. Ó mọ ohùn tó dáhùn.

Benedict bá a níbi tó ti ń tẹ ìwé náà jáde. "Gírádúéètì wa, ṣé iṣẹ́ ti dé ni, àbí o ti di ọlọ́pàá?"

"Mo ń kàwé ni, sà."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí àkókò ẹ̀rí tó, Jùwọ́nlọ́lá bọ́ síwájú láìwọ bàtà, ó ka orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún. Kò gbé ohùn sókè.

"Màmá Charity, orúkọ ọkọ yín tó ti sùn wà níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀."

"Bóyá ọ̀run ló máa gbé e," ẹnì kan wí, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Màmá Charity pè é. Fóònù dún lábẹ́ sùtánà Benedict. Ẹ̀rín dá.

Benedict kúnlẹ̀. "Jùwọ́nlọ́lá, ọmọ mi, dárí jì mí."

"Ibẹ̀ yẹn ni bàbá mi kúnlẹ̀ sí, sà. Ẹ bọ́ sùtánà yín."

Kò kúrò níwájú títí wọ́n fi bọ́ ọ lọ́rùn Benedict. Wọ́n dá ti Àkànmú padà fún un. Bàbá náà ká a sí apá, kò wọ̀ ọ́.

Ìwọ tó ń ka èyí, orúkọ bàbá rẹ wà nínú ìwé kan níbì kan. Lọ gba ìwé náà. Wo nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀. Pè é.