Ibi Tí Màmá Ò Gbọdọ̀ Fọ̀

Kànìnkànìn ìyá ọkọ mi ṣì so kọ́ sára ìṣó ní balùwẹ̀ wa ní Mowe. Ìdí ẹ̀rọ ìrẹsì ní Ọ̀fàdà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, eruku èèpo rẹ̀ a sì máa yún wọn lára. Wọn kì í fi ìwẹ̀ ṣeré rárá. Èmi alára, bí mo bá ti balùwẹ̀ jáde, wọn á bi mí: “Ìyàwó, ṣé o fọ ẹ̀yìn etí?”

Nígbà tí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ gbé wọn dé ilé ìwòsàn l'Ékòó, nọ́ọ̀sì fi máká sàmì sí ikùn wọn. Ó ní iná pupa tín-ínrín tó ń ti ara ògiri wá gbọ́dọ̀ bà lé àmì náà gẹ́lẹ́ kí ẹ̀rọ tó máa jó àìsàn náà tó ṣiṣẹ́. “Màmá, ẹ má fọ ibẹ̀ o, títí ìtọ́jú yóò fi parí.”

Ẹ wo irú òfin bẹ́ẹ̀! Ẹni tó ń ha ara bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò wá ń fi ọwọ́ lásán wẹ̀. Bí wọ́n bá wẹ̀ tán, wọn á pè mí: “Ìyàwó, wò ó fún mi. Ṣé ó ṣì wà?”

“Ó wà, Màmá.”

Wọn ò parí ìtọ́jú náà tí wọ́n fi kú. Nígbà tí àwa obìnrin ń wẹ òkú wọn, ìyàwó ààfáà tó ń ṣáájú wa ti kànìnkànìn bọ abẹ́ aṣọ tí a fi bò wọ́n, ó ń lọ síbi ikùn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí Màmá má fọ ibẹ̀.”

Ó wò mí, ó rọra gbé kànìnkànìn náà lé mi lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí.