Ohun Tí Kò Bàjẹ́ Rí

Ká-Wò-Ó-Ná ni orúkọ tí a sọ ọ́ níbi iṣẹ́. Ẹjọ́ yòówù kí èèyàn gbé wá bá a, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn, yóò sì dìde lọ wò ó lóòótọ́. Òun ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wa. Obìnrin kúkúrú ni. Ohùn rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá tó bá wà.

Lọ́dún tí a fẹ́ kúrò lórí àwọn sáfà àtijọ́, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé iṣẹ́ gbogbo wa ró, bọ́ sórí tuntun, òun ni wọ́n ní kó to bí ẹ̀rọ yóò ṣe tẹ̀ léra. Sátidé kan ṣoṣo ni wọ́n fún un. Ọ̀gá wa ti to tirẹ̀ sórí ìwé. Ímeèlì ló fi ṣáájú.

"Kí ló dé tó jẹ́ ímeèlì, sà?"

"Òun ni àwọn èèyàn ńlá máa ń pariwo lé lórí."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó ná, sà."

Ó gbé ìwé náà relé. Ó gé páálí wẹ́wẹ́, ó kọ orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sí i, ó tò wọ́n sílẹ̀ pálọ̀. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, fò wọ́n kọjá lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ìyàwó mi, ṣé ayò lò ń ta ni? Ilé tí mo fọwọ́ ara mi kàn, mi ò tún gbọdọ̀ rìn nínú ẹ̀?"

"Ẹ rọra o, Bàbá àwọn ọmọ mi. Ẹ ti fẹ́ tẹ aṣọ́nà mi pa."

Aṣọ́nà ló ń pe sáfà tó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìlẹ̀kùn kankan kò ní ṣí. Òun ló fi ṣáájú. Ímeèlì ló gbẹ̀yìn. Ọmọ tíṣà ni obìnrin yìí. Ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n gbé bàbá rẹ̀ láti iléèwé kan sí òmíràn, sítóòfù ni ìyá rẹ̀ sì máa ń gbé sọ́kọ̀ kẹ́yìn, kó lè jẹ́ òun ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ tí ebi ń pa kò mọ̀ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Páálí mẹ́jọ ló wà nílẹ̀. Inú ìwé tí a ń kọ ẹjọ́ ẹ̀rọ tó bàjẹ́ sí ni ọ̀gá ti kó orúkọ wọn jáde. Ohun tí kò bàjẹ́ rí kì í ní ẹjọ́. Kò sẹ́ni tó ro ìyẹn.

Òun náà kò tètè rò ó. Ó ṣáà ń lọ jókòó ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ibi tí ọwọ́ àwọn èèyàn ń lọ. Ní yàrá ẹ̀jẹ̀, ó rí i pé àpò ẹ̀jẹ̀ kì í jáde láìjẹ́ pé wọ́n ti lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn, tó ní orúkọ aláìsàn àti irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ̀ lé wáyà ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé náà gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Abẹ́ tábìlì tíì ló já sí: kọ̀ǹpútà kékeré kan, eruku bò ó. Ẹnì kan ti kọ ọ́ sí i lára pé, Ẹ má pa á o.

"Mà, iṣẹ́ wo lèyí ń ṣe?"

Ọ̀gá yàrá náà, ìyá kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, bojú wo abẹ́ tábìlì. "Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbẹ́sẹ̀ lé e. Mo ṣe bí tiyín ni."

"Tiwa ni, mà. A ò kàn mọ̀ ni."

"Gbọ́, àbúrò mi. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ní Sátidé yẹn. Bí ìwé yìí ò bá jáde, mi ò ní fún ẹnikẹ́ni lẹ́jẹ̀. Ká fún èèyàn lẹ́jẹ̀ ẹlòmíì, ikú ni."

Ó padà sí pálọ̀, ó kó gbogbo páálí nílẹ̀, ó gé ẹ̀kẹsàn-án. Aṣọ́nà àtijọ́ nìkan ni kọ̀ǹpútà abẹ́ tábìlì náà mọ̀. Bí wọ́n bá pa aṣọ́nà yẹn láàárọ̀, kọ̀ǹpútà náà yóò yadi. Ó ní kí aṣọ́nà méjèèjì jọ máa ṣiṣẹ́ títí yàrá ẹ̀jẹ̀ yóò fi kọjá sórí tuntun.

"Aṣọ́nà méjì?" ni ọ̀gá wa wí. "Iṣẹ́ á pọ̀ jù."

"Tèmi ni yóò pọ̀, sà."

Ní Ọjọ́bọ̀, ó tẹ ìwé pélébé kan náà láti ara ẹ̀rọ àtijọ́ àti tuntun, ó gbé méjèèjì lé ara wọn lójú fèrèsé, ìlà lórí ìlà.

Ní Sátidé, aago méjì ààbọ̀, tẹlifóònù yàrá wa dún, Ká-Wò-Ó-Ná gbé e. Ìyá ẹlẹ́nu abẹ ni.

"Àárọ̀ ni mo ti kó bírò sílẹ̀ láti fi kọ ẹjọ́ yín, tí mò ń retí wàhálà. Ẹni kẹta ti jáde nínú iṣẹ́ abẹ. Ìgbà wo gan-an lẹ máa bẹ̀rẹ̀ kíkó yín yìí?"

"Tiyín ti parí láti aago mọ́kànlá, mà. Ímeèlì nìkan ló kù."



"Ta ló bi ọ́ ní ímeèlì?" ni ìyá náà wí. "O ṣeun, ọmọ ire."